Adégbóyè Onígbìndé: Olùkọ́ tí wọ́n pè lẹ́ẹ̀mejì láti tọ́ ikọ̀ Eagles

Láàrin àwọn ọmọ Yorùbá tó ti fi iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá bọ́ọ̀lù jẹun, agbára káká la fi lè rí ẹni tí àríyànjiyàn pọ̀ lórí rẹ̀ tó Olóyè Festus Adégbóyè Onígbìndé. Àwọn tó gba tiẹ̀ máa ń tọ́ka sí ọdún 1984, nígbà tó kó ikọ̀ Nàìjíríà dé àṣekágbá ìdíje ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, tó sì tún kó ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Shooting Stars ìlú Ìbàdàn dé àṣekágbá ìdíje àwọn ẹgbẹ́ tó gba ipò kìíní ní orílẹ̀-èdè wọn, láàrin ọdún kan ṣoṣo náà. Àwọn tí kò gba tiẹ̀ ní ọdún tiwọn lọ́wọ́: 2002, ní ilẹ̀ Jàpáànù, níbi tí Super Eagles ti gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta láìborí nínú ọ̀kankan. Ohun tí apá méjèèjì kì í sábà yẹ̀ wò ni ipò tí iṣẹ́ náà wà nígbà tí wọ́n gbé e lé e lọ́wọ́.

Ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹta ọdún 1938 ni wọ́n bí i ní Modákẹ́kẹ́, ìlú tí àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ tí ogun lé kúrò nílé tẹ̀dó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ilé-Ifẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tó sì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun báyìí. Iṣẹ́ olùkọ́ ló fi bẹ̀rẹ̀. Èyí kì í ṣe ohun kékeré nínú ìtàn rẹ̀. Ní ìgbà tí àwọn tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń dàgbà, ilé ẹ̀kọ́ ni orísun bọ́ọ̀lù ní ilẹ̀ Yorùbá. Láti àwọn ìlú ńlá bí Ìbàdàn àti Èkó títí dé àwọn ìletò oníkòkó bí Atosin ní Ìdànrè, orí pápá ilé ẹ̀kọ́ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti kọ́kọ́ mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ní òfin, pé ipò kálukú lórí pápá ní orúkọ, àti pé fèrè adarí eré kì í ṣe ohun tí à ń bá jà. Olùkọ́ ló ń kọ́ wọn, kì í sì í gba owó lé owó oṣù rẹ̀ nítorí rẹ̀.

Kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù ni orúkọ Onígbìndé fi tàn. Èyí mú kí ó yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wá ṣe iṣẹ́ náà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ti jẹ́ ìràwọ̀ lórí pápá máa ń fi ohun tó ti ṣe rí pàṣẹ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Olùkọ́ kò ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Àlàyé ló gbọ́dọ̀ fi mú wọn. Àwọn tó mọ̀ ọ́n mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀: ọkùnrin tí kì í pọ́n ọ̀rọ̀ lé, tó sì máa ń sọ̀rọ̀ lórí bọ́ọ̀lù bí ẹni tó ń ṣàlàyé iṣẹ́ ìṣirò lójú pátákó ìkọ̀wé.

Ẹgbẹ́ Shooting Stars ló sọ orúkọ rẹ̀ di ńlá. Ẹgbẹ́ yìí, tí wọ́n ń pè ní IICC láyé ìgbà kan, ni ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà kankan wálé, nígbà tó borí Tonnerre ti ìlú Yaoundé ní ọdún 1976. Láti ọjọ́ náà, ojú tí àwọn ará Ìbàdàn fi ń wo ẹgbẹ́ wọn ti yí padà. Ẹni tó bá wá di akọ́nimọ̀ọ́gbá níbẹ̀, ife ni wọ́n ń retí lọ́wọ́ rẹ̀. Ipò kejì kò yàtọ̀ sí òfo lójú wọn.

Bí iṣẹ́ ikọ̀ orílẹ̀-èdè ṣe bọ́ sí i lọ́wọ́ nígbà àkọ́kọ́ gba àlàyé díẹ̀. Ní ọdún 1980, Nàìjíríà gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Èkó, wọ́n na Algeria 3-0 ní àṣekágbá. Otto Glória, ará Bràsíìlì, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn. Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà, ní Líbíà, ikọ̀ tó di ife náà mú kò kọjá ìpele àkọ́kọ́. Wọ́n borí Ethiopia, ṣùgbọ́n Algeria nà wọ́n, Zambia náà sì nà wọ́n 3-0. Glória lọ, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ògbólógbòó agbábọ́ọ̀lù tó gba ife náà sì ti ń dàgbà. Ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n wá fi ilé tó ti ń jò náà lé lọ́wọ́.

Ohun tí Onígbìndé ṣe ni pé ó yíjú sí àwọn ọmọdé. Ní ọdún 1983, ikọ̀ àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà lọ sí ìdíje àgbáyé ti àwọn ọ̀dọ́ ní Mexico, ìgbà àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà yóò dé irú ibẹ̀ nìyẹn. Láti inú wọn ló ti mú àwọn bíi Paul Okoku àti Tarila Okorowanta. Ó fi wọ́n pọ̀ mọ́ Stephen Keshi, tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà náà, àti Peter Rufai tó ń ṣọ́ ilé. Nínú àwọn àgbà, Mudashiru Lawal, ọmọ Abẹ́òkúta tó fi iṣẹ́ mẹkáníìkì bẹ̀rẹ̀ ayé, tó sì ti wà nínú ikọ̀ Shooting Stars ọdún 1976, ni òpó tí wọ́n fara tì.

Àkókò náà kò dára. Ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù kejìlá ọdún 1983 ni àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Alàgbà Shehu Shagari, ìdíje náà sì bẹ̀rẹ̀ ní Côte d'Ivoire ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ọdún 1984. Oṣù méjì péré ló wà láàrin. Owó kò sí nílùú, kò sì sí ẹni tó ń fi ọkàn sí i pé ikọ̀ tí àwọn ọmọdé kún inú rẹ̀ yóò rìn jìnnà.

Wọ́n rìn jìnnà. Wọ́n borí Gánà 2-1, wọ́n gbá ọ̀mì 2-2 pẹ̀lú Màláwì, wọ́n sì gbá ọ̀mì aláìláyò pẹ̀lú Algeria. Èyí tó kù di ìtàn ni ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó ṣáájú àṣekágbá. Íjíbítì ti gbá bọ́ọ̀lù méjì wọlé kí ìdajì àkókò tó pé. Keshi fi pẹ́náátì dá ọ̀kan padà kí wọ́n tó lọ sinmi. Nígbà tó di ìṣẹ́jú márùndínlọ́gọ́rin, Bala Ali gbá èkejì wọlé. Nígbà tí wọ́n fi pẹ́náátì yanjú rẹ̀, 8-7 ni Nàìjíríà fi borí. Ẹni tó bá ti rí bí ọmọ ogún ọdún ṣe ń rìn lọ síbi tí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù pẹ́náátì sí, nígbà tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń mí gúlegúle lẹ́yìn rẹ̀, yóò mọ̀ pé a kì í fi orí ire nìkan gba mẹ́jọ wọlé.

Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹta ni wọ́n kojú Kamẹrúùnù ní Abidjan. Ikọ̀ Kamẹrúùnù yìí ni ikọ̀ tó lọ sí ìdíje ife ẹ̀yẹ àgbáyé ọdún 1982 tí ẹnikẹ́ni kò nà án, títí kan Ítálì tó gba ife náà. Roger Milla wà nínú wọn, Théophile Abega náà wà níbẹ̀. Síbẹ̀, Muda Lawal ló kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù wọlé, ní ìṣẹ́jú kẹwàá. Kamẹrúùnù dá a padà kí ìdajì àkókò tó pé. Fún ìgbà pípẹ́ ni 1-1 wà níbẹ̀, àfi ìgbà tó ku bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí Abega àti Ebongué gbá méjì wọlé tẹ̀lé ara wọn. 3-1 ló parí sí. Onígbìndé ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó kó ikọ̀ orílẹ̀-èdè yìí dé àṣekágbá náà. Kò gba ife, ìyẹn sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rántí.

Nígbà tó di ìparí ọdún yẹn kan náà, Shooting Stars dé àṣekágbá ìdíje tó tóbi jù lọ fún àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà. Zamalek ti Íjíbítì ni wọ́n bá pàdé. Rashidi Yekini, tí gbogbo ayé yóò wá mọ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, wà lára àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Ìbàdàn láyé ìgbà náà. Zamalek borí 2-0 ní ìlú wọn, wọ́n sì tún borí 1-0 nígbà tí wọ́n wá sí Nàìjíríà. Inú bí àwọn aláṣẹ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fi tú ẹgbẹ́ náà ká. Ẹgbẹ́ tó gba ipò kejì ní gbogbo Áfíríkà ni wọ́n tú ká! Ibi tó bá dé báyìí, ó yẹ kí òǹkàwé ti máa lóye irú ilẹ̀ tí akọ́nimọ̀ọ́gbá ń dúró lé ní Nàìjíríà.

Lẹ́yìn èyí, Onígbìndé padà sí ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe jù. Ó di olùkọ́ àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá fún CAF, ìyẹn àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà, àti fún FIFA, àjọ bọ́ọ̀lù àgbáyé. Iṣẹ́ yìí kò ní ariwo. Kì í kó ènìyàn sójú tẹlifíṣọ̀n. Ohun tó jẹ́ ni pé kí a kó àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá jọ sínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, kí a kọ́ wọn bí a ti ń pín àkókò ìmúrasílẹ̀, bí a ti ń yan ọmọ sí ipò tó yẹ ẹ́, àti bí a ti ń ka ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ bí ẹni ń ka ìwé. Ní gbogbo àkókò yìí, àwọn òyìnbó ń lọ, wọ́n ń bọ̀ lórí ikọ̀ Eagles. Clemens Westerhof, ará Netherlands, gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní 1994, ó sì kó wọn lọ sí ìdíje ife ẹ̀yẹ àgbáyé àkọ́kọ́. Bora Milutinović ni wọ́n pè ní 1998.

Ọ̀rọ̀ ọdún 2002 ni a gbọ́dọ̀ dúró lé dáadáa, nítorí pé òun ni wọ́n fi ń ṣe ìdájọ́ ọkùnrin yìí jù.

Shaibu Amodu ni akọ́nimọ̀ọ́gbá tó gba àyè fún Nàìjíríà láti lọ sí ìdíje ife ẹ̀yẹ àgbáyé ọdún náà. Ó gba ikọ̀ náà nígbà tí nǹkan ti fẹ́ bàjẹ́, ó tún un ṣe, wọ́n sì fi 3-0 na Gánà ní Port Harcourt ní oṣù keje ọdún 2001. Nígbà tó di oṣù kejì ọdún 2002, wọ́n gba ipò kẹta ní ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà ní Màlì. Sẹ̀nẹ̀gà ló dá wọn dúró nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó ṣáájú àṣekágbá. Nítorí èyí, wọ́n yọ Amodu. Yorùbá ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ti Amodu kò rí bẹ́ẹ̀, ẹlòmíràn ni wọ́n pè wá tẹ ilẹ̀ tó ti fi omi rẹ̀ rẹ.

Onígbìndé ni wọ́n pè. Ó ti ń sún mọ́ ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta nígbà náà. Bí oṣù mẹ́ta ààbọ̀ ló kù kí ìdíje bẹ̀rẹ̀ ní Jàpáànù àti Kòríà. Wọ́n sì ti pín ẹgbẹ́ kí ó tó dé: Ajẹntínà, Gẹ̀ẹ́sì àti Swídìnì ni wọ́n kó Nàìjíríà mọ́. Gbogbo ayé ló ń pe ìpín yẹn ní ẹgbẹ́ ikú.

Ohun tó ṣe ní 1984 náà ló tún ṣe. Sunday Oliseh, tó jẹ́ balógun ikọ̀ náà ní Màlì, kò sí lára àwọn tó lọ. Finidi George kò sí níbẹ̀. Jay-Jay Okocha ló di balógun. Lára àwọn tí wọ́n mú lọ ni Bartholomew Ogbeche, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, àti Femi Opabunmi, ọmọ Shooting Stars tí òun náà kò tíì pé ọdún méjìdínlógún, àti Vincent Enyeama, aṣọ́lé ẹgbẹ́ Enyimba ìlú Aba, tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Ariwo sọ. Àwọn kan ní ibi ìdíje àgbáyé kọ́ ni ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi. Ṣùgbọ́n nígbà ìmúrasílẹ̀, ikọ̀ náà borí Scotland 2-1 ní Aberdeen, Julius Aghahowa ló gbá méjèèjì wọlé. Ní oṣù karùn-ún, wọ́n tún lọ borí Republic of Ireland 2-1 ní Dublin. Ikọ̀ tí kò ní ọ̀nà kò lè ṣe irú rẹ̀ ní ilé onílé.

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹfà, Ajẹntínà borí wọn 1-0. Gabriel Batistuta ló fi orí kan bọ́ọ̀lù náà wọlé lẹ́yìn ìdajì àkókò. Ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn rẹ̀ ní ìlú Kobe, Aghahowa ló kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù wọlé sí àwọ̀n Swídìnì, ó sì ta òkìtì lára òkìtì lórí pápá tí gbogbo ayé fi ń wò ó. Àmọ́ Henrik Larsson dá a padà, ó sì fi pẹ́náátì gbá èkejì. 2-1. Ibẹ̀ ni ìrètí ti pin. Ní ọjọ́ kejìlá ní Osaka, Onígbìndé fi Enyeama ṣọ́ ilé níwájú David Beckham àti Michael Owen. Ó fi Opabunmi náà sórí pápá. Ọmọ náà di ọ̀kan lára àwọn tí ọjọ́ orí wọn kéré jù lọ tó tíì gbá bọ́ọ̀lù ní ìdíje náà. 0-0 ni wọ́n gbá. Àmì ẹyọ kan ni Nàìjíríà mú bọ̀ wálé, wọ́n sì wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá nínú ẹgbẹ́ wọn.

Nígbà tí wọ́n dé, orí Onígbìndé ni gbogbo ẹ̀bi ń rọ̀ sí. Wọ́n ní ó ti dàgbà jù, wọ́n ní ọ̀nà rẹ̀ ti pẹ́, wọ́n ní òyìnbó ni ì bá ṣe é. Kò pẹ́ tí ó fi kúrò níbẹ̀, tí Christian Chukwu gba ipò náà.

Ọ̀rọ̀ "òyìnbó ni ì bá ṣe é" yìí ni ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà dáhùn. Ní ọdún 2010, Amodu yìí kan náà ló tún gba àyè fún Nàìjíríà sí ìdíje ife ẹ̀yẹ àgbáyé, ní South Africa. Ó tún gba ipò kẹta ní ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà, ní Angola. Wọ́n tún yọ ọ́. Lars Lagerbäck ni wọ́n pè lọ́tẹ̀ yìí, òyìnbó gidi. Ẹni tó bá rántí Kobe yóò rẹ́rìn-ín músẹ́: Lagerbäck yìí wà lára àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá méjì tó jọ ń darí Swídìnì nígbà tí wọ́n na àwọn ọmọ Onígbìndé. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ajẹntínà borí Nàìjíríà 1-0. Greece borí wọn 2-1 lẹ́yìn tí Nàìjíríà ti kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Wọ́n gbá ọ̀mì 2-2 pẹ̀lú Kòríà. Àmì ẹyọ kan, ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́, ó di ilé. Wọ́n ní bí ọ̀bọ ṣe ṣorí ni ìnàkí ṣe. Àyàfi pé owó tí wọ́n ń san fún ìnàkí pọ̀ ju ti ọ̀bọ lọ, ẹnu tó sì ń bú ọ̀bọ kò ṣí sí ìnàkí tó bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe pé kò sí ohun tí a lè bá Onígbìndé wí. Kíkó àwọn àgbà dànù lẹ́ẹ̀kan náà kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá yóò dán wò. Àárín pápá ikọ̀ náà ní Kobe kò ní ẹni tó lè mú kí eré rọlẹ̀ nígbà tí Nàìjíríà ń lé iwájú. Ibẹ̀ ni àìsí Oliseh ti hàn. Bí ó bá ṣe pé ó jẹ́ kí díẹ̀ nínú àwọn àgbà kù, bóyá 1-0 ni ì bá di títí wọn yóò fi fọn fèrè. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta ààbọ̀ kò tó ẹnikẹ́ni láti tún ilé tí ìjà ti wà nínú rẹ̀ kọ́.

Èyí tó yẹ kí a wò ni ibi tí àwọn ọmọ tó yàn wọ̀nyẹn dé. Opabunmi kò ríre pẹ́. Àìsàn ojú ló gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó pé ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì dun gbogbo àwọn tó rí i ní Osaka. Ogbeche gbá bọ́ọ̀lù káàkiri àgbáyé fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Enyeama ni ó jẹ́ ẹ̀rí tó tóbi jù. Ọdún 2002 yẹn, lábẹ́ Onígbìndé, ló kọ́kọ́ wọ aṣọ Nàìjíríà. Ó lọ sí ìdíje ife ẹ̀yẹ àgbáyé méjì mìíràn, ní 2010 àti 2014, ó di balógun ikọ̀ náà, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó sì gbá fún Nàìjíríà lé ní ọgọ́rùn-ún.

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kejì ọdún 2013, Nàìjíríà kojú Burkina Faso ní Johannesburg ní àṣekágbá ìdíje ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Ìgbà kẹta nìyẹn tí wọn yóò gba ife náà, ó sì jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò jẹ́ ọmọ Nàìjíríà ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn. Sunday Mba ló gbá bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo tó wọlé lọ́jọ́ náà. Stephen Keshi, ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbá pẹ́náátì sí àwọ̀n Íjíbítì ní 1984, ló dúró sí ẹ̀gbẹ́ pápá tó ń pàṣẹ. Enyeama ló wà nínú ilé.